Ọjọ́ Tí Mi Ò Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Mi

Ẹ gbé àga yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ báńdì. Etí mi kò gbọ́ràn fínnífínní mọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ń ríran dáadáa, ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ àyájọ́ òmìnira tó kọjá yìí ló jẹ́ kí n ní kí wọ́n pè yín wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Abẹ́ kánópì ni mo wà lọ́jọ́ náà, èmi àti àwọn alàgbà ìjọ wa, nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fun orin orílẹ̀-èdè. Gbogbo wa dìde. Ọ̀kan nínú yín ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ẹnìkejì rẹ̀ fi ọwọ́ kan di ipè mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé fóònù sókè, ó ń ya ara rẹ̀. Ẹni tó ń lu ìlù ńlá rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, ó ṣẹ́jú sí i, kò tó o, ó tún fi igi ìlù juwọ́ sí i. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ara yín, ẹ má wolẹ̀ jàre.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú yín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bí a kò bá fi ẹ̀ṣọ́ hàn yín nílé, kí lẹ fẹ́ kó ròde? Ẹ̀bi tiwa tá a dàgbà náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè dé, tí gbogbo ayẹyẹ di kí ẹnì kan tẹ fóònù kí orin jáde, kò sí ẹni tó tún ń kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti wà níbi ayẹyẹ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tí ọmọ tó ń gbé orin sí i gé orin orílẹ̀-èdè láàárín nítorí pé ẹnì kan pè é lórí fóònù. Àwọn èèyàn tó dìde dúró, wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn jókòó ni àbí kí àwọn ṣì wà lórí ìdúró. Àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọnú eegun.

Orin yín náà gan-an ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èyí tí mo kọ́ nígbà tí mò ń pa eyín dà ni. Nígbà tó yá, ìjọba ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n gbé òmíràn fún wa, òun la fi dàgbà, òun la fi bímọ. Ìjelòó yìí ni wọ́n tún sáré dá ti àkọ́kọ́ padà. Ẹ̀yin wá gbé ìwé síwájú, ẹ ń wò ó bí ẹni tó ń wá ilé tí kò dé rí. Èmi arúgbó kàn dijú, mò ń kọ ọ́ lọ ní tèmi, mi ò wo ìwé kankan. Orin lè yí padà, ọwọ́ ìjọba nìyẹn wà. Ìwà ẹni tó ń fun ún ni kò gbọdọ̀ yí padà, ọwọ́ tiyín nìyẹn wà.

Lásìkò tí èmi náà ń fun ipè nínú báńdì, Ìgàndó kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Ibi tí ilé ìwòsàn ìjọba wà lónìí, igbó ni. Kò sí àkìtàn Solous, kò sí òórùn rẹ̀. Àyọ̀bọ̀ tí ẹ ń rí yẹn, oko ẹ̀gẹ́ ni látòkèdélẹ̀, tó o bá sọ fún ẹnì kan pé lánlọ́ọ̀dù máa kún ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, á ní ibà ń ṣe ọ́. Títì wa, yẹ̀pẹ̀ pupa ni. Ibi gbogbo dákẹ́ débi pé bí a bá ń fun ipè ní pápá ilé-ìwé ní Ìgàndó, àwọn tó ń ro oko ní Ẹgàn á dúró, wọ́n á fi ọkọ́ tilẹ̀, wọ́n á gbọ́. Lónìí ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ nìyí, ọlọ́kadà nìyí, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lójúlé kan nìyí, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹni tó wà ní yàrá kejì ni kò gbọ́ ipè yín.

Àwa mẹ́wàá la wà nínú báńdì ìjọ wa, aláṣọ funfun ni gbogbo wa. Ọ̀kan jẹ́ télọ̀, ọ̀kan jẹ́ akọ̀wé, èmi jẹ́ kápẹ́ńtà. Ẹni tó kọ́ wa ni bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń pè ní Máàsìtà. Ó ti fun ipè fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá ra ilẹ̀ kékeré kan ní Ìgàndó, ó sì darapọ̀ mọ́ ìjọ wa. Ṣòkòtò kakí rẹ̀, tí eṣinṣin bá bà lé ojú ìlà ayọ̀n rẹ̀, á gé e lẹ́sẹ̀. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n tó bá wò ọ́ lásán, wàá rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ.

Tí ayẹyẹ bá ku ọ̀la, a ó kó ipè jọ sí ẹ̀yìnkùlé Máàsìtà, a ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n títí idẹ á fi máa kọ mọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni yóò to àwa náà kalẹ̀, yóò máa sọ òfin fún wa, òfin tá a ti gbọ́ nígbà àìmọye. Ẹni tó bá fẹ́ da itọ́ inú ipè nù, kó dà á nù kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní nǹkan lẹ́nu, ì báà jẹ́ orógbó. Ojú kò gbọdọ̀ rìn, ibì kan ni kó wà. Kò sí àfikún, kò sí ọ̀ṣọ́, bí wọ́n ṣe kọ orin ni kẹ́ ẹ fun ún, nítorí orin orílẹ̀-èdè kì í ṣe orin ìsọjí. Tí ó bá wá dé orí èyí tó ṣe pàtàkì jù, yóò rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè ti wọ odò nìyẹn, òdìkejì ni yóò ti jáde. Òjò ni o, oòrùn ni o, ọba ló dé, bàbá tó bí ọ ló dé, o kò gbọdọ̀ dúró, o kò gbọdọ̀ kí i, o kò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó lọ máa fun ipè níbi ìsìnkú.

Ẹ rò ó wò ná. Ọmọ Yorùbá ni wá. Kí ojú wa tó là tán láàárọ̀ ni àyà wa ti ń wá ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ń kọ́ láti kékeré pé bó bá rí àgbà kó lọlẹ̀, ẹ wá ní kó rí àgbà kó dúró gbọọrọ. Ìyẹn ló le jù nínú gbogbo òfin Máàsìtà, ó le ju bàtà lọ.

Bàtà náà le o. Ẹ mọ̀ pé àwa, ẹsẹ̀ lásán la fi ń sìn. Máàsìtà ní níwájú àsíá, bàtà dúdú tó bo ẹsẹ̀ ni. Télọ̀ wa kò ní, ó yá ti àbúrò rẹ̀, bàtà náà kò gbà á. Nígbà tí orin dé ìdajì, mo ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òógùn bò ó, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Èékánná méjì ló yọ lára ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Máàsìtà fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ náà fún un fúnra rẹ̀.

Ti onílù ńlá wa tún ju ìyẹn lọ. Bùrọ̀dá yìí fẹ́ràn Ọlọ́run gan-an. Ọdún àkọ́kọ́ tí ilé-ìwé pè wá wá fun orin orílẹ̀-èdè, bí ohùn ìkẹyìn ṣe ń kú lọ, tí gbogbo pápá pa lọ́lọ́, tí ọ̀gá ilé-ìwé ń múra láti sọ̀rọ̀, ńṣe ni bùrọ̀dá yìí gbé ìlù sókè, ó ní, "Halelúyà!" Ìdajì èrò tó wà níbẹ̀ dáhùn. Ó tún pè é títí ó fi di ẹ̀ẹ̀meje, bí a ṣe ń ṣe é ní ìjọ, àwọn èèyàn sì ń dáhùn. Máàsìtà gba igi ìlù lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bùrọ̀dá ní ẹ̀mí ló gbé òun, Máàsìtà ní kí ẹ̀mí náà wá gba igi ìlù.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dáa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín kí n tó sọ tèmi.

Lásìkò yẹn ni mò ń fẹ́ Mojísọ́lá. Ọmọ Ẹgàn ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, Àwórì pọ́ńbélé, àgbẹ̀ tó ní oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé bàbá yìí kò fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré. Tó o bá kí i ní ìdúró, kò ní dá ọ lóhùn. Tó o bá dọ̀bálẹ̀ tí àyà rẹ kò kanlẹ̀, á ní kó o dìde kó o tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Mojísọ́lá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fi ìborùn dí ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín jáde. Mo rọ́jú, mo fara dà á, nítorí ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó tẹ́ bàbá lọ́rùn. Ó fún wa ní ọjọ́ Sátidé kan pé kí àwọn èèyàn mi wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Sátidé náà bọ́ sí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn àyájọ́ òmìnira.

Àárọ̀ àyájọ́ òmìnira, a tò sí pápá ilé-ìwé. Wọ́n ti fi ìwé pe àwọn àgbààgbà àdúgbò, bàbá Mojísọ́lá wà lára wọn. Kò dé irú ibẹ̀ rí. Àti Ẹgàn ló ti fẹsẹ̀ rìn wá, ó pẹ́ díẹ̀, ìgbà tó máa fi wọ ẹnu géètì, a ti bẹ̀rẹ̀ orin. Gbogbo pápá wà lórí ìdúró, kò sí ẹni tó mira. Bàbá wò yíká. Ó rò pé òun ni wọ́n dìde fún. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé, ẹ jókòó, ẹ jókòó, ó tó. Ẹnikẹ́ni kò jókòó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó gba àárín pápá kọjá, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tààrà nítorí ó ti rí mi.

Ó dúró níwájú mi. Ó ń dúró de ìdọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ fún yín, orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láìgbàṣẹ. Mo ń fun ipè, mo gbé ojú kọjá orí fìlà rẹ̀, sára àsíá. Ó pe orúkọ mi. Mo ń fun ipè. Ó tún pè é, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra pè é, bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ṣìnà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó rìn jáde lójú gbogbo èèyàn. Bí orin ṣe parí, mo gbé ipè lé télọ̀ lọ́wọ́, mo sáré. Mi ò bá a. Àwọn obìnrin kan ní ọ̀nà ní àwọn rí bàbá kan tó ń dá sọ̀rọ̀ lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ilé wa. Ẹ̀gbọ́n Mojísọ́lá ló jẹ́ ẹ fún ìyá mi. Ó ní bàbá ní, "Ẹni tí kò rí mi lójúmọmọ kò gbọdọ̀ wá ọmọ mi wá sílé mi."

Ìyá mi sunkún, ó bá mi jà, ó ní báwo ni òun ṣe tọ́ mi tí ipè fi gba ìwà lọ́wọ́ mi. Ó lọ bẹ̀ ẹ́, bàbá fún un ní omi mu, kò fún un ní èsì. Èmi lọ, wọ́n ní bàbá wà lóko. Mo lọ sóko, wọ́n ní bàbá ti lọ sílé. Níkẹyìn ni Máàsìtà gbé ara rẹ̀ dìde. Ọkùnrin tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í rún, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ yìí, òun lòun kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá bi í pé ta ló tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fun ipè fún tí èèyàn kò fi lè kí bàbá ìyàwó rẹ̀. Máàsìtà dáhùn pé, "Gbogbo wa ni, Bàbá. Ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ló ń fun ún fún lọ́jọ́ náà." Bàbá ní kí wọ́n bá òun sin àlejò dé ọ̀nà.

Oṣù méje kọjá. Ọmọ lánlọ́ọ̀dù kan ní Ìkòtún ti ń lọ sí ilé wọn, wọ́n ní ó mọ ìdọ̀bálẹ̀ dáadáa, àyà rẹ̀ ń dún gbì tó bá kanlẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ, oúnjẹ kò lọ mọ́. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àyájọ́ àwọn ọmọdé pé, tí a ó tún jáde, ni Mojísọ́lá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fá igi. Ó ní bàbá òun máa wá sí pápá. Ó ní ó ti sọ ọ́ nílé pé ibi tóun dúró sí níjelòó lòun máa dúró sí, lásìkò orin náà gan-an, àti pé bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún òun, ọ̀rọ̀ parí, kí n kó àwọn èèyàn mi wá. Bí mi ò bá dọ̀bálẹ̀, ọmọ Ìkòtún yẹn ni.

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ń fi àtàǹpàkò fa eruku igi tó wà lórí tábìlì mi. Ó ní, "Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá máa ṣe, ẹ ṣe é dé ìparí. Mi ò fẹ́ ẹni tó ń ṣe ìdajì."

Mi ò sọ fún Máàsìtà. Bí mo bá sọ fún un, yóò ní kí n má wá, yóò fún mi láyè, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún mi láyè.

Ọjọ́ pé. A gbé ipè sẹ́nu. Bí a ṣe fun ohùn àkọ́kọ́ ni bàbá dìde lórí àga rẹ̀ lábẹ́ kánópì. Kò yára. Ó wá, ó dúró sí iwájú mi, ó sún mọ́ mi débi pé mò ń gbọ́ òórùn áṣáà lára rẹ̀. Kò pe orúkọ mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn ń wò mí. Mo mọ̀ pé Mojísọ́lá wà láàárín èrò níbì kan. Mo mọ̀ pé Máàsìtà ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́. Omi bọ́ lójú mi, ó ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wọnú ẹnu ipè, iyọ̀ ni mò ń tọ́ wò. Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mò ń rí àsíá. Mo fun ún lọ, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, mi ò sáré, mi ò fò, títí dé ohùn tó kẹ́yìn, mo sì fa ohùn náà tán bó ṣe yẹ kó gùn tó.

Máàsìtà sọ ọwọ́ kalẹ̀. A sọ ipè kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá lọlẹ̀. Gbalaja ni o, pẹ̀lú aṣọ báńdì funfun, lórí yẹ̀pẹ̀ pupa, mi ò sì gbé orí sókè.

Bàbá ní, "Ṣé o rí mi?"

Mo ní, "Mo rí yín, sà. Àti ìgbà tẹ́ ẹ ti dìde lórí àga."

"Ti ìjelòó ńkọ́?"

"Mo rí yín, sà. Àti ẹnu géètì."

Mò ń wo bàtà rẹ̀, mi ò rí ojú rẹ̀. Ó ní, "O mọ̀ pé mo lè gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ, o sì fun ún tán."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wá ní, "Ọmọ Ìkòtún yẹn, mo ní kó dìde nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Mo ní kó tún dọ̀bálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ohun tí mo bá ti sọ ló ń ṣe. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá sọ òmíràn fún un, á ṣe ìyẹn náà. Ẹni tí kò pa orin tì lágbede méjì nítorí èmi, kò ní pa ọmọ mi tì lágbede méjì. Dìde, kó àwọn èèyàn rẹ wá."

Ìyá ẹgbẹ́ akọrin tí a sin ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ẹ̀yin gan-an fun ipè níwájú pósí rẹ̀, Mojísọ́lá nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ló fi wà lórí ìdùbúlẹ̀, rọpárọsẹ̀ mú un lápá kan. Àwọn ọmọ wa sọ pé kí a gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó, wọn ò ṣe búburú, wọ́n rí i pé èmi náà ti darúgbó. Mo ní rárá. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Òótọ́ ni pé ó rẹ̀ mí. Àwọn àárọ̀ kan wà tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí mi ò fẹ́ wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fi aṣọ nù ún lójú, omi ń ro sí i láyà. Ó ń wò mí. Ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó fa á jáde díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Bàbá wọn, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ lọ sinmi."

Mo sọ fún un pé, "Orin ò tíì parí, Mojí."

Ó rẹ́rìn-ín, apá ọ̀tún ẹnu rẹ̀ nìkan ló lè rẹ́rìn-ín. Mo fún omi kúrò lára aṣọ náà, mo sì nù ún lọ dé ọrùn.